Kì í ṣe iwin ló ti téṣàn abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù pa o

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Owó mi ni mo fi ń ra ìwé ìròyìn yín, mi ò sí lára àwọn tó ń dúró sídìí fẹ́ńdọ̀ kà á lọ́fẹ̀ẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀, àmọ́ mo máa ń dúró díẹ̀ gbọ́ àríyànjiyàn wọn torí pé ó máa ń dùn ju ìròyìn gan-an lọ. Àríyànjiyàn kan tí wọ́n ṣe nídìí fẹ́ńdọ̀ l'Ọ́yìngbò ló jẹ́ kí n gbé bírò báyìí. Bọ̀dá kan ló ní òun rí fídíò lórí fóònù, pé lábẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn téṣàn rélùwéè kan wà tí ọkọ̀ kì í dúró níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti tì wọ́n pa, iwin ló sì lé àwọn òyìnbó jáde. Gbogbo wọn gbà fún un! Bàbá kan tiẹ̀ fi kún un pé ìdí nìyẹn tí ìjọba Èkó fi gbé rélùwéè tiwa gba òkè, wọn ò fẹ́ kí wàhálà àwọn ará ilẹ̀ kan àwọn. Mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Ọmọ rélùwéè ni mí. Inú kọ́ńpáùndì rélùwéè l'Ẹ́bùtè Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, loco, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì rélùwéè ṣe, ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àbúrò mi obìnrin sì ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, mo ti lọ kí i níbẹ̀, mo wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yẹn wọ̀ ọ́ dáadáa, torí náà ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde kí gbogbo wọn kà á, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni o.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 1863 ni rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tó kọ́kọ́ wà láyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti Paddington lọ sí Farringdon. Ẹ ro ó wò, 1861 ni òyìnbó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú, kò tíì pé ọdún méjì sígbà yẹn tí wọ́n ti ń sáré lábẹ́ ilẹ̀ nílé wọn. Ọkọ̀ eléèéfín ló sì ń sá nínú ihò ọ̀hún o, èéfín á gba ibẹ̀ kan, èrò á máa wúkọ́, síbẹ̀ wọ́n ń rọ́ wọ̀ ọ́. Wọn ò gbẹ́ ihò tó jìn nígbà yẹn, títì ni wọ́n hú, wọ́n mọ ògiri sọ́tùn-ún sósì, wọ́n fi bíríkì bò ó lórí, wọ́n sì da títì padà. Ọdún 1890 ni èyí tó jìn gan-an dé, tó ń lo iná mànàmáná, ó gba abẹ́ odò Thames kọjá láti King William Street lọ sí Stockwell. Fèrèsé tí wọ́n ṣe sára ọkọ̀ yẹn kéré bíńtín, wọ́n ní kí lèrò fẹ́ wò nínú òkùnkùn, òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ń pariwo orúkọ téṣàn kí èrò tó mọ ibi tó máa bọ́ sí.

King William Street yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kú nínú àwọn téṣàn abẹ́ ilẹ̀, kò tiẹ̀ lò tó ọdún mẹ́wàá láyé. Ihò tó wọ ibẹ̀ ga, ó kọ kọ́rọ́, ó sì há, ọkọ̀ tó bá ti kún dáadáa máa ń tiraka kó tó gòkè wọbẹ̀, kò tún sí bí wọ́n ṣe lè fà á gùn síwájú. Nígbà tó di 1900 wọ́n la ihò míì tó gba London Bridge àti Bank lọ sí Moorgate, wọ́n pa tàtijọ́ tì. Ẹ wò ó, níbo ni iwin ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn tó kọ́ ọ ni wọn ò ro ọjọ́ iwájú.

Ohun tó wá pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni pé wọ́n sún mọ́ra jù. Ìjọba kọ́ ló kọ́ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún níbẹ̀rẹ̀, kọ́ńpìnnì aládàáni oríṣiríṣi ni, kálukú la ihò tiẹ̀, kálukú kọ́ téṣàn tiẹ̀, wọ́n ń já èrò gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́ bíi dánfó méjì tó jọ dé bọ́sítọ́ọ̀pù kan náà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Charles Yerkes, ló kówó jọ tó fi la mẹ́ta lára ọ̀nà yẹn, 1906 àti 1907 ni wọ́n ṣí wọn, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ti kú níparí 1905, kò fojú kan ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ya àwòrán ilé àwọn téṣàn yẹn ń jẹ́ Leslie Green. Tẹ́ ẹ bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ máa dá iṣẹ́ ẹ̀ mọ̀ láìbéèrè: táìlì pupa tó ń dán bọ ara ilé, fèrèsé ńlá ńlá tórí wọn tẹ̀ kọdọrọ wà lókè, òrùlé sì tẹ́ pẹrẹsẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kọ́ ọ́fíìsì lé e. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló kú, 1908, iṣẹ́ ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ọdún mélòó kan lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí ilé pupa yẹn lónìí tí èrò ò wọlé tí èrò ò jáde, téṣàn ni tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ iwin. Téṣàn kan wà tó ń jẹ́ British Museum, 1900 ni kọ́ńpìnnì kan ṣí i, nígbà tó di 1906 kọ́ńpìnnì míì lọ ṣí Holborn sítòsí ẹ̀, ẹni tó bá kúrò níkan á dé ìkejì kó tó rẹ̀ ẹ́. Ta ló fẹ́ máa bọ́ọ́lẹ̀ níkan kó wá fẹsẹ̀ rìn lórí títì lọ wọkọ̀ míì nínú òjò? Nígbà tí gbogbo kọ́ńpìnnì wá bọ́ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo ní 1933, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe pèpéle tuntun sí Holborn kí ọ̀nà méjèèjì lè pàdé níbẹ̀, wọ́n ti British Museum. Ìyẹn ni téṣàn tí wọ́n ń sọ pé òkú ará Íjíbítì kan máa ń jáde nínú ẹ̀ lóru, torí àwọn òkú Íjíbítì tí wọ́n kó sínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí ibẹ̀. Ìtàn lásán ni o. (Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn náà ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ nínú àwọn ère idẹ Bìní sí, tí wọ́n kó láàfin Ọba ní 1897, tí iwin bá máa bínú níbẹ̀ lóòótọ́, ti Bìní ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde.)

Láàárín àsìkò yẹn náà ni wọ́n fa ọ̀nà Piccadilly, ọ̀kan lára mẹ́ta tí Yerkes kówó jọ fún, gùn. Ó dé Cockfosters ní 1933, ọ̀nà wá jìn, ọkọ̀ tó bá ń dúró níbi gbogbo á kàn máa fi àsìkò ẹni ṣòfò ni, ni wọ́n bá wo téṣàn tí èrò ẹ̀ ò pọ̀, wọ́n ń tì wọ́n: York Road àti Down Street ní 1932, Brompton Road ní 1934. Ti Down Street máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mayfair ló wà, àdúgbò àwọn olówó, àwọn tí ọkọ̀ tiwọn ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe lábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú àwa tálákà? Ó dà bí ẹni tó lọ kọ́ gáréèjì dánfó sínú Banana Island. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí téṣàn yẹn wá dà. Nígbà ogun Hitler, àwọn tó ń darí gbogbo rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ibẹ̀ lọ, wọ́n mọ ògiri dí ẹ̀gbẹ́ pèpéle torí ọkọ̀ ṣì ń sá kọjá níbẹ̀ (ó ń sá kọjá títí dòní), wọ́n pín inú ẹ̀ sí ọ́fíìsì, yàrá oorun àti ilé ìwẹ̀, Winston Churchill fúnra ẹ̀ sùn níbẹ̀ ní 1940 nígbà tí bọ́ǹbù ń já bọ́ lu ìlú. Téṣàn tí èrò kọ̀, olórí ìjọba ló wá fi ṣe ilé. Brompton Road náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun, nígbà tí wọ́n máa tà á ní 2014, mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́ta pọ́n-ùn ni wọ́n tà á. Téṣàn òkú o!

South Kentish Town ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, NEPA ló pa á. Oṣù kẹfà 1924, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná Lots Road tó ń fún rélùwéè níná yanṣẹ́ lódì, wọ́n ti téṣàn náà fúngbà díẹ̀, nígbà tí iná dé wọ́n wò ó pé èrò ibẹ̀ ò tó nǹkan, wọn ò wulẹ̀ ṣí i mọ́. Ilé pupa ẹ̀ ṣì wà láàárín Camden Town àti Kentish Town, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe.

Èyí tí mo fojú ara mi rí ni Aldwych, àbúrò mi ló mú mi débẹ̀. Títì kan tó ń jẹ́ Strand ló wà, àwọn èèyàn ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kọjá wọn ò tiẹ̀ wò ó. Èmi dúró. Lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọ PICCADILLY RLY gàdàgbà gadagba, wọ́n tún kọ STRAND STATION sí i, torí orúkọ tó jẹ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1907, kí wọ́n tó pa orúkọ ẹ̀ dà. Irin onígbọọrọ ni wọ́n fi dí ojú ẹ̀. Téṣàn yìí ò ríre láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òun àti Holborn, kò sí ibòmíì tó ń lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yá á ti fẹsẹ̀ rìn ín dé kí ọkọ̀ tó dé. 1940 wọ́n tì í, àwọn ará ìlú ń sùn síbẹ̀ torí bọ́ǹbù, inú ihò ẹ̀ náà ni wọ́n kó àwọn ère òkúta ilẹ̀ Gíríìsì tó wà ní British Museum sí kí bọ́ǹbù má bàa bà wọ́n jẹ́ (ẹ ò rí i pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹrù olóhun). 1946 ó ṣí padà. Ohun tó wá pa á pátápátá ni lífìtì. Lífìtì tí wọ́n fi ṣí i ní 1907 náà ló ṣì ń gbé èrò lọ sókè sódò ní 1994, ó ti gbó, wọ́n ṣírò owó tí wọ́n máa fi ra tuntun, ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn, èrò tó ń lò ó lójúmọ́ ò ju bí irínwó ó lé àádọ́ta. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ọkọ̀ gbẹ̀yìn kúrò níbẹ̀. Àmọ́ wọn ò wó o, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ìsọ̀ tòmátì síwájú ẹ̀, àwọn onífíìmù ń sanwó wá yàwòrán nínú ẹ̀, àjọ tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé wò ó, Down Street náà wà nínú èyí tí wọ́n ń mú èèyàn lọ. Àbúrò mi ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kì í pẹ́ tán.

Kò wá sí èyí tó ká mi lára bíi Bethnal Green. Téṣàn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí ni, àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ pọ̀ jọjọ. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ kankan tó dúró níbẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí ogun dé, wọ́n bá fi ṣe ibi ìsádi. Alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1943, fèrè ìkìlọ̀ dún, àwọn èèyàn ń lọ jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀, ilẹ̀ ṣú, òjò ti rọ̀, iná tó wà lórí àtẹ̀gùn ò ju gílóòbù kékeré kan lọ, kò sí irin ìdìmú láàárín. Ni àwọn ológun tó wà nínú ọgbà Victoria Park bá yin ohun ìjà tuntun kan sójú ọ̀run, àwọn èèyàn ò gbọ́ irú ariwo yẹn rí, wọ́n rò pé bọ́ǹbù ni, wọ́n tì síwájú. Obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ṣubú nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ṣubú lé e, ẹni tó wà lẹ́yìn ìyẹn náà ṣubú, àwọn tó wà lókè ò mọ̀, wọ́n ṣì ń wọlé. Èèyàn 173 ló kú lórí àtẹ̀gùn yẹn, ọmọdé pọ̀ nínú wọn, bọ́ǹbù kankan ò já bọ́ ládùúgbò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìjọba bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí ogun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. 1946 ni ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé téṣàn yẹn. Ó di 2017 kí wọ́n tó parí ohun ìrántí ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, orúkọ gbogbo wọn ló wà lára ẹ̀, àwọn ará àdúgbò ló sì ń tu owó jọ tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀yin Olóòtú, ibi tí mò ń bọ̀ nìyí. Téṣàn 272 ló ń ṣiṣẹ́ lọ́nà abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù lónìí, 2021 ni wọ́n ṣí méjì tó dé gbẹ̀yìn, Nine Elms àti Battersea Power Station, èyí tó ṣí àtèyí tó kú, wọ́n mọ ọjọ́ tí kálukú wọn ṣí, wọ́n mọ ọjọ́ tó kú àti ohun tó pa á. Kódà èyí tí ò ṣí rí, wọ́n mọ̀ ọ́n. North End wà ní Hampstead, wọ́n gbẹ́ ihò ẹ̀ jìn, ká ní wọ́n parí ẹ̀ ni òun ni ì bá jìn jù nínú gbogbo wọn, wọ́n pa á tì ní 1906. Tó bá jẹ́ ti wa ńkọ́? Àwa náà ní téṣàn tí ò ṣí rí o. Métrólàìnì, rélùwéè ìgboro tí Alhaji Lateef Jakande tó jẹ́ gómìnà nígbà yẹn fẹ́ ṣe fún Èkó, 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìjọba ológun fagi lé e ní 1985 lẹ́yìn tówó gọbọi ti wọlé sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún kan nínú Blue Line, rélùwéè tuntun Èkó, pé níbo làwọn téṣàn Métrólàìnì yẹn ì bá wà, á ní kí lẹ ń sọ.

Láti Ìddó ni rélùwéè ti lọ gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí Carter Bridge. Nígbà tó di 1902 tráàmù eléèéfín ti ń gba orí bíríìjì yẹn láti Ìddó wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọkọ̀ ojú irin ní ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn! Irin kan náà ni wọ́n wá fi ń kó ìgbẹ́ àwọn ará ìlú lọ dà sódò lóru, àwọn àgbà Èkó mọ ìyẹn dáadáa, títí gbogbo ẹ̀ fi kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 1933. Mo ti rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Màrínà, mi ò rí pátákó kan tó sọ pé tráàmù gba ibí kọjá rí. Ìjọba gé ríbọ́ọ̀nù Blue Line ní 2023, Red Line ní 2024, inú mi dùn, mò ń wọ̀ ọ́ láti Ọyìngbò lọ sí Ìkẹjà, ó yá ju Third Mainland lọ, àmọ́ báwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ o, ẹ máa rò pé ọdún yẹn ni rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Red Line ń parí sí Ọyìngbò, ti Ìbàdàn tuntun ní téṣàn Mobolaji Johnson l'Álágómèjì, Ìddó tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló wá di ibi tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ju ọjà àti gáréèjì lọ. Èmi ò ní kí wọ́n dá ọkọ̀ padà síbẹ̀ o, téṣàn a máa kú, ọ̀nà a máa yí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé ẹ̀ tán. Pátákó ni mò ń sọ. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy tún Jaekel House ṣe nínú kọ́ńpáùndì wa l'Ẹ́bùtè Mẹ́ta, ilé tí wọ́n ti kọ́ láti 1898, wọ́n kó àwòrán àti irinṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ sínú ẹ̀, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń wọ Red Line ló mọ ọ̀nà ibẹ̀?

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ fún wa láyè kékeré nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, téṣàn kan lọ́sẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó, ẹ gba Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Yàbá, Mùṣín, Òṣòdì, Agége, ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ ohun tí wọ́n mọ̀, gáàdì, pọ́tà, olùtàtíkẹ́ẹ̀tì, awakọ̀, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀pà àti búrẹ́dì lójú fèrèsé ọkọ̀, kí wọ́n sọ ọdún tí ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ àti ohun tó gbé e kúrò. Kí ìjọba náà wá fi pátákó sí i tó bá yá, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Àwọn bàbá yìí ń dín kù o, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bàbá mi, èyí tó kù nínú wọn ò pọ̀ mọ́.

Tẹ́ ẹ bá gbà, mo ti mọ ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa mú akọ̀ròyìn yín lọ bá nínú kọ́ńpáùndì, gáàdì ni wọ́n lójú ọ̀nà Kánò láyé àtijọ́, wọ́n ṣì lè ka orúkọ téṣàn láti Ìddó dé Kánò lẹ́sẹẹsẹ láìṣì í pè. Kí akọ̀ròyìn náà tètè wá láàárọ̀ o, torí tó bá ti di ọ̀sán bàbá á ti lọ sídìí ayò, wọn kì í sì í dá èèyàn lóhùn níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Rélùwéè,
Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Èkó.